Ìwé Àsọọ́lẹ̀ Mùsùlùmí àti Wíwá Lọ́yà Tó Ṣeé Fọkàn Tán

Kútúbà ọjọ́ Jímọ̀ láti ẹnu Igbákejì Ìmáàmù, Ìjù-Odò, ilẹ̀ Ìkálẹ̀

KÚTÚBÀ ÀKỌ́KỌ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ Ẹ́, tí yóò sì pè wá padà láìbi wá bóyá a ti múra tán. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Òun nìkan ṣoṣo. A sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì wa Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.

Ẹ̀yin mùmíní lọ́kùnrin àti lóbìnrin, a ń kìlọ̀ fún ara wa kí á tó kìlọ̀ fún yín: ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀, nínú ìrun wa àti nínú dúkìá wa. Dúkìá ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: oko ọ̀pẹ, oko kòkó, ilé, ṣọ́ọ̀bù, owó tó wà ní báńkì, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bá ti sin wá tí wọ́n sì ti padà sílé.

Lẹ́yìn ogun Uhud, ní ọdún kẹta Hijira, opó kan ní ìlú Mẹ̀dínà tọ Ànábì wa wá. Ọkọ rẹ̀, Sa'd ọmọ Rabī', ti kú sí ojú ogun náà. Ó mú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì lọ́wọ́. Ó ní àbúrò bàbá àwọn ọmọ náà ti kó gbogbo ohun tí Sa'd fi sílẹ̀, kò sì ṣẹ́ nǹkan kan kù fún wọn. Ànábì wa dá a lóhùn pé Ọlọ́hun yóò ṣe ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò pẹ́ tí àwọn āyah ogún inú Sūratun-Nisā' fi sọ̀ kalẹ̀. Ànábì wa wá ránṣẹ́ pe àbúrò náà. Ó pàṣẹ fún un pé kí ó fún àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ó fún ìyá wọn ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, kí ó sì mú èyí tó kù. Jābir ni ó gba hádíìsì yìí wá, Abū Dāwūd àti Tirmidhī sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Ẹ̀yin ará, ìdá kan nínú mẹ́jọ yẹn kì í ṣe àánú tí ẹbí ń ṣe fún opó. Ẹ̀tọ́ ni, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni ó gé e fún un. Bí ọkọ bá kú tí ó fi ọmọ sílẹ̀, ìyàwó kan ni o, ìyàwó mẹ́rin ni o, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni wọn yóò pín láàárín ara wọn. Bí kò bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Lẹ́yìn tí Ọlọ́hun pín àwọn ìpín náà tán, Ó pè wọ́n ní ààlà Rẹ̀, Ó sì fi iná ṣe ìlérí fún ẹni tí ó bá ré wọn kọjá.

Ìbéèrè tí a gbé wá fún yín lónìí ni èyí: bí opó Sa'd bá wà ní Ìjù-Odò yìí, ta ni yóò bá a gba ìpín rẹ̀?

Kò sí kóòtù Ṣẹ̀ríà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi àyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n tiwa kò ní i. Nítorí náà, bí Mùsùlùmí bá kú níhìn-ín láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi pín ogún rẹ̀. Kí sì ni àṣà wí? Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ sọ pé ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú àṣà Yorùbá pé ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn tí ẹjọ́ náà pa pọ̀: Suberu, Sunmonu. Orúkọ tí à ń gbọ́ nínú mọ́ṣáláṣí ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ìlú Èkó, Suberu Dawodu kú ní ọdún 1940 láìṣe ìwé àsọọ́lẹ̀. Ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe pín owó ilé tí ó fi sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni, tí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín kan náà láìka iye ọmọ rẹ̀ sí? Tàbí orí-òjorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba tirẹ̀? Kóòtù àkọ́kọ́ gbè sẹ́yìn orí-òjorí. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ yí i padà ní 1958, ó ní ìdí-igi ni àṣà. Ẹjọ́ náà la òkun kọjá dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àgbà tí ń gbọ́ ẹjọ́ fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di ọdún 1962 kí ó tó parí síbẹ̀ pé ìdí-igi ni. Ọdún méjìlélógún lẹ́yìn ikú bàbá! Nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn, ìdí-igi àti orí-òjorí nìkan ni wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n. Ìpín inú Sūratun-Nisā' kò sí níbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò ṣe é. Ká ní bàbá kan kú, àwọn òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ méjì wà láàyè. Ìyáálé bí ọmọkùnrin kan. Ìyàwó kejì bí ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Lẹ́yìn ìnáwó ìsìnkú àti gbèsè, mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún náírà (₦4,800,000) ni ó kù. Ní ìlànà Ọlọ́hun, àwọn ìyàwó méjèèjì yóò kọ́kọ́ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, èyí tí í ṣe ₦600,000. Kálukú wọn yóò mú ₦300,000. Èyí tó kù, ₦4,200,000, ni a ó pín fún àwọn ọmọ, tí ọkùnrin yóò gba ìlọ́po méjì ti obìnrin: ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ₦1,200,000, ọmọbìnrin ₦600,000. Ní ìlànà ìdí-igi ńkọ́? Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyáálé bí yóò gbé ₦2,400,000. Àwọn mẹ́ta ti ìyàwó kejì yóò pín ₦2,400,000, ₦800,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyàwó méjèèjì, tí wọ́n bá a roko, tí wọ́n bá a fún epo, kò sí kọ́bọ̀ kan fún wọn gẹ́gẹ́ bí ogún.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà nínú sààfù yìí, tí ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, tí ẹ sì lè dí i lọ́nà nígbà tí ẹ wà láàyè, tí ẹ kò ṣe é: kí ni ẹ ó sọ fún Ọlọ́hun?

Ẹ̀yin ará, a kò dá ẹ̀bi yìí lé yín lórí nìkan. Ó kàn wá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa nínú ìjọ yìí ránṣẹ́ pè wá lórí àìsàn. Ó fẹ́ kí á bá òun kọ àsọọ́lẹ̀. Àwa ni a kọ ọ́, ọwọ́ wa ni ó wà lórí ìwé náà. Ó ní kí á pín ogún òun bí Ọlọ́hun ṣe pín in. Ó sì ní kí á yọ díẹ̀ nínú ìdá kan nínú mẹ́ta fún ọmọ ọmọ òun tí bàbá rẹ̀ ti kú, kí ó lè ka ìwé. Ohun tí ó sọ dára, ó sì bá ẹ̀sìn mu. Ó tẹ ìka rẹ̀ mọ́ ìwé náà lójú wa. Ẹlẹ́rìí kejì kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Àsáárì ni ó wá fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí náà tún jẹ́ ẹni tí a kọ ẹ̀bùn kan fún nínú ìwé kan náà. Kò sí ibì kan tí a kọ sí pé a ka ìwé náà sí aláìsàn náà létí tí ó sì yé e.

Nígbà tí ó kú, àwọn kan nínú ẹbí ní àwọn kò mọ ìwé yẹn sí ìwé. A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ irú rẹ̀ wò, kò sì lè dúró. Opó náà kúrò nínú oko ọ̀pẹ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ gbìn. Ọmọ náà kúrò ní iléèwé. Ohun tí a kọ bá Àlùkùránì mu, ṣùgbọ́n bí a ṣe kọ ọ́ kò bá òfin mu. A ti tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ opó náà. A ń tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń ka kútúbà yìí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ̀kọ́ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ká ní a wá a. Ní ọdún 1944, nínú ẹjọ́ Apatira àti Akanke ní ìlú Èkó, ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún Mùsùlùmí kan dé iwájú adájọ́. Wọ́n ní Mùsùlùmí ni olóògbé, nítorí náà kí kóòtù gba ìwé náà ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀. Adájọ́ kò gbà. Ó ní ìwé tí kò bá tẹ̀lé òfin ìhágún, ti Mùsùlùmí ni o, ti ẹlòmíràn ni o, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò yẹ kí alfa kankan tún ṣe irú àṣìṣe tí a ṣe.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé alfa mọ ìpín, ṣùgbọ́n kò mọ òfin kóòtù. Lọ́yà mọ òfin kóòtù, ṣùgbọ́n ó lè má mọ ìpín. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé lórí ìwé kan náà, nígbà tí ẹni tó ni dúkìá ṣì wà láàyè tí orí rẹ̀ sì pé. Èyí kò tako ẹ̀sìn. Nínú Sūratul-Baqarah, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé bí a bá ń ya owó fún ara wa, kí a wá akọ̀wé tí yóò kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo. Nínú Sūratul-Mā'idah, Ó ní kí ẹni tí ikú bá ń sún mọ́ wá ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jẹ́ olódodo sí àsọọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ìpínlẹ̀ wa náà ń béèrè. Ohun tí Ọlọ́hun ti sọ ni a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá kọ ìwé ìhágún ń pe ikú. Ẹ fi irọ́ yẹn sílẹ̀. Ibn 'Umar gbà á wá pé Ànábì wa sọ pé kò tọ́ fún Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí ó fẹ́ sọ àsọọ́lẹ̀ lé lórí láti sun òru méjì láìjẹ́ pé ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Òru méjì! Òru mélòó ni àwa ti sùn?

Àwọn mìíràn ń béèrè pé ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí gbé ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀ lọ bá lọ́yà tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Nígbà tí Ànábì wa àti Abū Bakr ń ṣe Hijira láti Mákà lọ sí Mẹ̀dínà, tí àwọn Kùràíṣì ń wá wọn láti pa, ọkùnrin kan tí ó wà lórí ẹ̀sìn àwọn Kùràíṣì ni wọ́n gbà kí ó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Wọ́n fi ẹ̀mí wọn àti ràkúnmí wọn lé e lọ́wọ́, nítorí pé ó mọ ọ̀nà, ó sì ṣeé fọkàn tán. Bí a bá rí lọ́yà Mùsùlùmí tí ó mọ iṣẹ́, ó dára. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Mùsùlùmí ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí MULAN, wà. Bí a kò bá rí i nítòsí, ìmọ̀ iṣẹ́ àti òtítọ́ ni kí á wò.

Báwo ni a ó ṣe wá a? Ẹ jẹ́ kí á to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Èkínní, kí á wá a nítòsí. Kò sí ìdí tí a ó fi sáré lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Ilé-ẹjọ́ Gíga ń jókòó ní Òkìtìpupa, ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Lọ́yà tó wà nítòsí mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ tí ènìyàn rà àti ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n kàn fún un láti dá oko. Ó lè dé orí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá sì dé, àwọn ọmọ yóò mọ ọ́fíìsì rẹ̀.

Èkejì, kí á rí i dájú pé lọ́yà ni lóòótọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ kóòtù dúdú ni lọ́yà. Òfin Nàìjíríà ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láti gbowó kí ó fi ṣe ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé tí a ó fi gba àṣẹ lórí ogún. Nítorí náà, ẹni tó ń fi tàìpù kọ̀wé lẹ́bàá ọjà kò lè bá wa ṣe é. Kí á béèrè ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn. Láti ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ náà ti ń fún lọ́yà tí ó san owó ọdún rẹ̀ ní òǹtẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí á béèrè òǹtẹ̀ náà. Lọ́yà gidi kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

Ẹ̀kẹta, kí á bi í bóyá ó ti ṣe ìwé ìhágún rí, àti bóyá ó ti tẹ̀lé irú rẹ̀ dé ọ́fíìsì tí ilé-ẹjọ́ ti ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní Àkúrẹ́. Ẹni tó mọ ẹjọ́ ọ̀daràn dunjú lè má mọ ọ̀rọ̀ ogún. Oníṣègùn eyín kọ́ ni à ń gbé aboyún lọ bá.

Ẹ̀kẹrin, kí á bi í léèrè iye tí yóò gbà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì gba rìsíìtì. Bí ó bá fẹ́ rí ìwé ilẹ̀ wa, kí á fún un ní ẹ̀dà. Bí ó bá pọn dandan kí ó mú ojúlówó, kí ó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Kí á má sì gbà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí á kọ òun sínú ogún dípò owó iṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní owó, kí ó má jókòó sílé. Kí ó béèrè ní Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn tí kò lówó lọ́yà, irú ìrànlọ́wọ́ tí ó lè rí gbà níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí á sọ òtítọ́ fún un. Ìyàwó mélòó ni a ní? Ọmọ mélòó, títí kan èyí tí ilé kò tíì mọ̀? Ṣé a ti fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní kóòtù rí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òfin mìíràn lè dé bá ogún wa. Ilẹ̀ wo ni ti ẹbí? Òfin ìhágún tí ìpínlẹ̀ wa jogún láti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fi àṣà ìbílẹ̀ ṣe ààlà. Ẹnì kan kò lè hágún ilẹ̀ ẹbí fún ọmọ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ṣe é ti jalè lọ́wọ́ àwọn tó wà láàyè àti àwọn tí a kò tíì bí.

Ẹ̀kẹfà, kí á mú alfa tí ó mọ ìmọ̀ ogún dání, tàbí kí á mú ìwé tí ó kọ fún wa. Ohun tí lọ́yà yóò kọ ni pé kí a kọ́kọ́ san gbèsè wa. Pé kí a yọ ohun tí a sọ àsọọ́lẹ̀ rẹ̀ láìkọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Àti pé kí a pín ìyókù fún àwọn tí Ọlọ́hun ní kí wọ́n jogún wa, ní ìlànà Mọ́líkì tí à ń tẹ̀lé, bí wọ́n bá ṣe wà ní ọjọ́ tí a bá kú. Kí á má ṣe kọ iye owó sí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a kọ lónìí lè ṣáájú wa kú, a sì lè bí ọmọ mìíràn lọ́la.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ yìí ti tó. A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Oníkẹ̀ẹ́.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí yóò jogún ilẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ó ku ohun mẹ́rin tí ẹ gbọ́dọ̀ mú lọ sílé.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ ìfọwọ́sí. Kí ẹni tó ni ìwé fọwọ́ sí i, tàbí kí ó tẹ ìka, níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ní àkókò kan náà. Kí àwọn ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí má ṣe jẹ́ ẹni tí a fún ní nǹkan nínú ìwé náà, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí a fún un lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹni tó ni ìwé kò bá mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n kà á sí i létí ní èdè tí ó gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kà á fún un, ó sì yé e. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni a kò ṣe fún ẹni wa tó lọ.

Èkejì ni ìdá kan nínú mẹ́ta. Sa'd ọmọ Abū Waqqāṣ ṣàìsàn ní Mákà ní ọdún Háájì ìdágbére. Ọmọbìnrin kan ni ó ní, ó sì fẹ́ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ ṣe sàráà. Ànábì wa kọ̀ fún un. Ó béèrè ìdajì, Ànábì wa kọ̀. Ó béèrè ìdá kan nínú mẹ́ta. Ànábì wa gbà, ó ní ìyẹn náà pọ̀. Ó ṣàlàyé pé kí ènìyàn fi àwọn tí yóò jogún rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọrọ̀ dára ju kí wọ́n máa nawọ́ ṣagbe lọ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi gbogbo oko rẹ̀ fún mọ́ṣáláṣí kí ó sì sọ ọmọ rẹ̀ di alágbe. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta yìí ni ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́hun ṣí sílẹ̀ fún àwọn tí kò sí nínú ogún. Nínú rẹ̀ ni ọmọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú lè rí nǹkan. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, púpọ̀ nínú wa ni ìyá wa tàbí ẹ̀gbọ́n wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í jogún ara wọn, ṣùgbọ́n àsọọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá tó gbé wa pọ̀n kò yẹ kí ó ti ọwọ́ wa jáde lófo.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ̀ pé orúkọ tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù báńkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ yín kì í ṣe ìwé ìhágún. Ẹni náà ni wọn yóò ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé òun ló ni owó náà. Bí a bá kú, báńkì yóò ti àkáǹtì náà pa títí a ó fi mú ìwé àṣẹ wá láti ilé-ẹjọ́. Ẹ yan ẹni méjì tí ẹ fọkàn tán gẹ́gẹ́ bí alámòójútó ogún, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì mọ ibi tí ìwé wà: ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ lọ́yà, òmíràn ní ibi ìpamọ́ ilé-ẹjọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìfúnpo, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe púpurú àti gàrí, tí ẹ fi èrè rẹ̀ ra ilẹ̀, ẹ ní dúkìá, ẹ sì ní ajogún. Ẹ kọ tiyín.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsáárì ọjọ́ Àìkú, àwa alfa mọ́ṣáláṣí yìí yóò máa jókòó láti bá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣírò ìpín àwọn ajogún rẹ̀. A kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ kọ orúkọ ìyàwó, ọmọ, òbí, gbèsè tí ẹ jẹ, gbèsè tí wọ́n jẹ yín, Sàká tí ẹ kò tíì yọ, sàdáákì tí ẹ kò tíì san, ilé àti oko yín wá. Ohun kan ni a kò ní ṣe mọ́: a kò ní bá ẹnikẹ́ni kọ ìwé ìhágún. Láti ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni ìwé yín ń lọ. Ẹni tó bá wá bá wa lórí àìsàn, lọ́yà ni a ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọwọ́ àdúà sókè. Ọlọ́hun, dárí àṣìṣe wa jì wá, èyí tí a ṣe nítorí àìmọ̀ àti èyí tí a ṣe nítorí àìbìkítà. Má ṣe jẹ́ kí dúkìá wa di ìjà fún àwọn ọmọ wa. Má ṣe jẹ́ kí opó wa sunkún sí wa lọ́rùn ní ọjọ́ ìṣirò. Gba ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ òrukàn wa fún wọn, kí O sì fi ìbẹ̀rù Rẹ sí ọkàn ẹni tí ohun ìní wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣàánú àwọn òkú wa. Jẹ́ kí ìlú Ìjù-Odò àti gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tòrò. Jẹ́ kí ìwé wa pé kí ọjọ́ wa tó pé. Āmīn.

Ẹ dìde fún ìrun. Kí Ọlọ́hun ṣàánú gbogbo wa.